Àkáǹtì Kan Láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya pósítà ṣe wọ́n tó, kó má wulẹ̀ lọ bi olówó. Ọmọ iléèwé tí bàbá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ìlobù ni kó bi. Dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, ọdọọdún sì ni wọ́n ń gbà á bí owó ilé. Ohun kan ṣoṣo tó mú un rọrùn ni pé àwọn tó ṣe é ṣàánú akẹ́kọ̀ọ́. Bí o bá ti lè fi hàn wọ́n pé o ń lọ sí iléèwé lóòótọ́, wọ́n á gé e wálẹ̀ débi tí ọwọ́ ẹni tó ń mu gàárì lọ́sàn-án á fi tó o.

Ẹ̀rí yẹn gan-an ni Wúràọlá kò ní. Ó ń kọ́ṣẹ́ gíráfíìkì ní pólì, ó ní káàdì, ó ní nọ́ńbà, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ímeèlì tí iléèwé máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí sọ́fítíwíà náà ń béèrè, wọn kò tíì fún ẹ̀ka tirẹ̀. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Ó wọ ọdún kejì, ó ṣì ń bọ̀. Bó bá sì lọ bèèrè ní ọ́fíìsì, ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ á wò ó bí ẹni tó wá tọrọ ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀.

Husnah ló gbà á lọ́wọ́ wàhálà náà. Ọmọ Ìfọ́n ni Husnah, iléèwé mìíràn ló ń lọ ní Òṣogbo, inú ọkọ̀ tó ń ti Òṣogbo bọ̀ ni wọ́n sì ti pàdé. Wúràọlá gbé bébà lé itan, ó ń fi bírò ya lẹ́tà gàgàrà-gàgàrà sí i, ni ọmọbìnrin tó jókòó tì í bá sọ, láìtilẹ̀ kí i, pé, "Ìdí 'B' yẹn ti tóbi jù. Ó jọ ìdí ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ládùúgbò wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi kọjá Ẹ̀rìn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Iléèwé Husnah ti fún un ní ímeèlì tirẹ̀. Àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ tó sì ṣí, orí kọ̀ǹpútà méjì ló lè ṣiṣẹ́. Ó fi ọ̀kan sórí láptọ́ọ̀pù ara rẹ̀, ó fi èkejì sórí ti Wúràọlá, wọ́n jọ ń san án. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ni Husnah wí. Bóyá òfin gbà á, bóyá òfin kò gbà á, wọn kò bi òfin léèrè. Òfin náà kò bi wọ́n ohun tí wọ́n jẹ sùn.

Nítorí pé àkáǹtì kan ni, ojú kan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì ń lọ. Ohun tí Wúràọlá bá ṣe ní Ìlobù, Husnah á rí i ní Ìfọ́n. Husnah a sì máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ṣé òkú la fẹ́ sin ni àbí a fẹ́ gbé ìyàwó? Kí ni gbogbo òdòdó yìí?" Wúràọlá náà á fèsì pé ẹni tí kò mọ òdòdó yà ni òdòdó ń bí nínú. Wúràọlá kò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, kò ní àbúrò obìnrin. Àkáǹtì yẹn ló bí ọ̀kan fún un, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó o láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjà dé.

Ìjà ilẹ̀ láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n ti wà kí wọ́n tó bí bàbá tó bí wọn. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Ìjà náà a máa sùn, a sì máa jí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jí tìbínú-tìbínú. Iná jó ilé níhìn-ín, iná jó ilé lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ní kí òun ka ti ẹ̀gbẹ́ wo ló pọ̀ jù, ìjà mìíràn lonítọ̀hún ń wá. Ìjọba fi òfin kónílé-ó-gbélé de ìlú méjèèjì, sójà sì dúró sójú ọ̀nà tí ọmọdé máa ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lọ ra búrẹ́dì. Oko ẹ̀gẹ́ bàbá Wúràọlá kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ń jà lé lórí. Ẹnikẹ́ni kò lè débẹ̀ mọ́, ẹ̀gẹ́ náà wà nínú ilẹ̀, ó ń gbó, ó ń le bí igi.

Bàbá Wúràọlá, Bàbá Oyèdèjì, kì í ṣe oníjà. Ṣùgbọ́n ebi oko a máa yí ìwà padà. "N kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ Ìfọ́n kankan nínú ilé yìí," ni wọ́n wí. "Ọ̀rẹ́ o, ojúlùmọ̀ o, ẹ jẹ́ kó dúró lọ́hùn-ún." Nílé Husnah náà, irú ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ, kìkì pé wọ́n fi Ìlobù sí ibi tí Ìfọ́n wà. Husnah fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: "Wọ́n ń yẹ fóònù mi wò. Má pè mí. Ó máa rọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́.

Kò dákẹ́ tán, ṣá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Wúràọlá ṣí pósítà bàbá àgbà kan tó kú ní Ìlobù, iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀ nítorí ó ti sú u. Orúkọ olóògbé tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ti wà láàrin gbùngbùn. Dúdú tó pọ̀ jù ti rọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n Wúràọlá mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó wọnú iṣẹ́ Husnah lọ, ó rí ìpolówó ọṣẹ kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò bára mu, ó bá a tún un ṣe, ó jáde.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìlú méjèèjì ń ju òkò ọ̀rọ̀ síra wọn lórí rédíò, àwọn méjì yìí sì ń bá ara wọn tún iṣẹ́ ṣe láìfọhùn. Bí Bàbá Oyèdèjì bá gba ẹ̀yìn Wúràọlá kọjá, wọ́n á rí i pé iṣẹ́ iléèwé ló ń ṣe, wọ́n á ní, "O kú iṣẹ́." Iṣẹ́ ló ń ṣe lóòótọ́. Ó sì tún jẹ́ ìbẹ̀wò.

Pósítà òkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń wọlé. Kì í ṣe ti àwọn tí ìjà pa. Ọ̀fọ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í lẹ ọ̀fọ̀ mọ́ ògiri. Ti àgbàlagbà tó re'wàlẹ̀ àsà ni, tí àwọn ọmọ fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ pé bàbá àwọn fi ọmọ sáyé lọ. Kò sì sí ọmọ gíráfíìkì tó ń bẹ̀rẹ̀ pósítà láti òfìfo. Tàná ni wọ́n ń ṣí. Wọ́n á yọ fọ́tò kúrò, wọ́n á fi òmíràn dípò, wọ́n á yí orúkọ padà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa tún ọ̀rọ̀ yòókù ṣe níkọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ wọn ní ìwà ọ̀lẹ ni. Bó bá jẹ́ ọ̀lẹ, ọ̀lẹ tó ń rí oúnjẹ jẹ ni.

Nígbà tó ṣe, Wúràọlá rí i lórí fóònù, níbi tí Husnah máa ń gbé fọ́tò sí fún gbogbo ayé, pé ìyá Husnah ti ti Mẹ́kà dé. Àlájà Sàídátù ni orúkọ wọn. Bàbá tó bí wọn wà lára àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gánà nígbà náà lọ́hùn-ún, gbogbo Ìfọ́n ló sì mọ ilé wọn sí ilé Gánà, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun gbogbo láti orí ìṣó dórí mílíìkì. Kí ìjà tó dé, Wúràọlá kì í dé ọ̀dọ̀ wọn kó má jẹ kẹ́ńkẹ̀, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, pẹ̀lú ata àti ẹja díndín. "Ọmọ mi ti Ìlobù," ni wọ́n máa ń pè é. "Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ ní Ìlobù ni, tí o fi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ báyìí?"

Bó bá jẹ́ pé ayé rọ̀, ẹsẹ̀ ni ì bá fi lọ kí wọn. Èwo ni ṣíṣe báyìí? Ó rò ó títí, ó wá pinnu pé pósítà ni òun máa fi kí wọn: Ẹ kú àbọ̀ Mẹ́kà, tó tóbi, tó rẹwà. Òun á fi í sínú àkáǹtì, Husnah á ṣí i, á rí i, á tẹ̀ ẹ́ jáde, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni ní Ìfọ́n kò ní í mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ Ìlobù ló ṣe é. Husnah nìkan ló máa mọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin.

Ọ̀sán ni, iná wà. Fọ́tò Àlájà wà nínú àkáǹtì, Husnah ló kó o síbẹ̀. Wúràọlá wá férémù tó dára jù láti fi wọ́n sí, kò sì sí èyí tó dára bí èyí tó yà sára pósítà bàbá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní àdúgbò wọn, férémù tó rí bí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí wúrà yí i ká. Ó ṣí i. Ó yọ bàbá kúrò, ó fi Àlájà sí i. Ẹwà ńlá! Ó pa orúkọ bàbá rẹ́, ó kọ Àlájà Sàídátù. Ó sún orúkọ náà sọ́tùn-ún díẹ̀, ó sún un sósì. Lókè, "Ó PAPÒDÀ" ṣì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Nísàlẹ̀, "Àdúrà fìdáù, ọjọ́ Àìkú" àti déètì Àìkú tó ń bọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ nígbà tí wọ́n mú iná lọ.

Bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti kú láti ìgbà pípẹ́. Bí iná bá ti lọ, òun náà á kú fin-ín. Wúràọlá pòṣé. "Wọ́n tún ti ṣe é." Ó dìde, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ṣa ẹ̀fọ́. Bó ṣe ń ṣa á, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ro bí ojú Husnah á ṣe rí. Iná kò dé lọ́jọ́ náà, kò dé lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí kò wá sí i lọ́kàn ni pé sọ́fítíwíà náà kì í dúró de àṣẹ kó tó pa iṣẹ́ mọ́. Bí o ṣe ń ṣe é ló ń gbé e lọ. Wọ́n tilẹ̀ fi í polówó fún akẹ́kọ̀ọ́, pé iṣẹ́ rẹ kò ní í sọnù láéláé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò sọnù.

Wúràọlá gbé fóònù rẹ̀ lọ gba iná níbi jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ ládùúgbò. Bó ṣe tàn án, ohùn Husnah tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ ló wọlé, ohùn tí kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó mọ ohun tó ń sọ, inú rẹ̀ ti kọ́kọ́ dùn.

"Wúrà, kí ni ìyá mi fi ṣe ọ́? Wọ́n ní bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Ìyá mi fúnra wọn ló jókòó tì mí, wọ́n ní kí n fi fọ́tò Mẹ́kà han àwọn. Mo ṣí àkáǹtì wa. Ojú ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rí. Wúrà, ìyá mi tó ń pè ọ́ lọ́mọ!" Ẹkún gba ohùn náà, ó sì dópin.

Wúràọlá dúró síbẹ̀, fóònù létí, kò kọ́kọ́ yé e. Lẹ́yìn náà ló yé e. Ó pe Husnah, kò lọ. Ó pè é títí. Husnah ti dínà mọ́ ọn. Ó sáré wá nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ mọ̀ ní Òṣogbo, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá sí i.

Ẹni tó bá ní pépà lásán ni, kó lọ fi fọ́tò ìyá tirẹ̀ sí i ná. Pósítà òkú fún alààyè, ta ní ń fi ìyẹn ṣeré? Ọ̀tá ní í ṣe é, láti fi sọ ohun tó ń gbèrò lọ́kàn. Ó tún wá jẹ́ pé láti Ìlobù ló ti wá, lásìkò tí èèyàn ń sun oorun ojú kan. Nígbà tí iná wá dé, Wúràọlá fi ìbẹ̀rù pa fáìlì náà rẹ́. Ìyẹn náà tún di ẹ̀sùn kejì, nítorí ní Ìfọ́n wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣe kì í yára nù ún kúrò.

Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní iléèwé gbà á nímọ̀ràn pé kó tètè lọ bẹ̀bẹ̀, kí Husnah tó yí páswọ́ọ̀dù padà, nítorí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú àkáǹtì yẹn, ó sì kù díẹ̀ kó gbé e síwájú àwọn olùkọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí wọ́n bá tì í síta, ọdún mìíràn ni. Síbẹ̀ kì í ṣe nítorí sọ́fítíwíà ló fi ń sunkún. Èèyàn lè rí sọ́fítíwíà lọ́dún tó ń bọ̀. Husnah ló ń sunkún lé.

Bàbá rẹ̀ gbọ́ ẹkún náà, wọ́n sì bi í títí ó fi sọ. Ó ti ń retí ìbínú. Wọ́n bínú lóòótọ́. "Ẹ̀gẹ́ mi ń jẹrà sínú ilẹ̀, o wá ń sunkún nítorí pósítà àwọn Ìfọ́n." Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé o fẹ́ lọ. Wò mí. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn ọ́ níbẹ̀, wọ́n á ní kí n wá gbẹ̀san. Mi ò ní í lè sọ pé rárá láàrin àwọn ẹgbẹ́ mi. Wúràọlá, n kò fẹ́ gbẹ̀san. Ó ti rẹ̀ mí." Kò tíì rí bàbá rẹ̀ kí ojú wọn rí báyìí rí, ẹ̀rù sì bà á ju bí wọ́n bá fi igi lé e lọ.

Ó lọ ṣáá. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó dúró di ìgbà tí wọ́n dẹ okùn kónílé-ó-gbélé lójú mọmọ, ó fi ìborùn bo orí, ó gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó gba iwájú ilé kan kọjá tí kò ní òrùlé mọ́, tí wọ́n sì sá aṣọ ọmọ ìkókó sí ojú fèrèsé rẹ̀. Àwọn ìyá kan ń wò ó. Ó kí wọn, wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sì ń wò ó lọ.

Orí ẹní ni Àlájà Sàídátù jókòó sí, wọ́n fi ìborùn funfun bo orí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti rù. Ojú wọn ti wọlé. Wúràọlá kúnlẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó fi orúnkún rìn wọlé.

"Ẹ kú àbọ̀ o, Mọ̀mí. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọlọ́run á gba Hájì yín."

"Àmín." Wọn kò ní kó dìde.

Wúràọlá ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó sọ ti férémù, ó sọ ti iná tí wọ́n mú lọ, ó sọ bí wọ́n ṣe máa ń fi iṣẹ́ àná ṣe tòní. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń dún bí irọ́ létí òun fúnra rẹ̀. Àlájà kò dá a dúró. Ìka wọn ń ka tẹ̀sùbáà lọ, ó ń dún ṣẹ́kẹ́-ṣẹ́kẹ́.

"Mo ti gbọ́," ni wọ́n wí nígbà tó parí. "Mo gbà pé o kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, áḿbọ̀sì ìwọ ọmọdé. Mo dárí jì ọ́. Ọlọ́run náà á dárí jì ọ́."

Wúràọlá dojú bolẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ó rò pé ó ti tán.

"Dìde, jókòó dáadáa. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí ojú mi rí. O kọ ọjọ́ Àìkú síbẹ̀. N kò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ mo ka ìyẹn. Mo ṣe sàárà, mo pa àgbò, ààfáà wá ṣàdúrà, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí Àìkú náà dé, mo wẹ̀. Mo wọ aṣọ funfun tí mo rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Mo pe àwọn ọmọ mi, mo sọ ohun tí wọ́n á ṣe sí ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń dúró." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ilẹ̀ ṣú, n kò kú. Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Láti ìgbà náà, Àìkú gbogbo ló ń dà bí Àìkú yẹn lójú mi."

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Kò sí ohun tí mo fi sínú. Ṣùgbọ́n má wá mọ́. Bí mo bá ti rí ojú rẹ, pósítà yẹn ni mo ń rí." Wọ́n sì gbàdúrà fún un, àdúrà gígùn, ti ọkọ, ti ọmọ, ti àṣeyọrí, tí kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Wúràọlá ń ṣe àmín, omijé ń dà lójú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n ń fi àdúrà náà sin òun jáde ni.

Ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Husnah dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sin Wúràọlá dé ibi géètì. Òun náà ti rù.

"Má ṣàlàyé fún mi," ló wí. "Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí èmi náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Férémù yẹn, ṣebí èmi ni mo bá ọ tún etí rẹ̀ ṣe."

Ìrètí wọ Wúràọlá lára wàràwàrà. "Tó o bá mọ̀, Husnah, kí ló wá kù láàrin wa?"

"Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo rí i, ṣé o mọ ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi? Mo ní, 'Ṣebí ọmọ Ìlobù ni.' Mo pariwo rẹ̀. Gbogbo ilé gbọ́. Mo tún sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn nípa ẹ̀yin èèyàn yẹn tí n kò lè tún sọ níwájú rẹ." Kò wo ojú Wúràọlá. "Mo rò pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń sọ irú ẹ̀. Àṣé ó wà nínú tèmi náà, ó ń dúró de ọjọ́ tí mo máa nílò rẹ̀."

"Ìbínú ni. Kò dùn mí. Mo ti fi jì ọ́."

"Ìwọ lè fi jì mí. Èmi ni mi ò lè gbàgbé pé mo sọ ọ́. Bí mo bá tún ń bá ọ tún lẹ́tà ṣe, irọ́ ni màá máa pa." Ó nu imú pẹ̀lú etí ìborùn rẹ̀. "Máa lọ kí wọ́n tó dínà. Kí bàbá rẹ má bàa dààmú."

Ẹnikẹ́ni kò dí Wúràọlá lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kún fún eruku, wọ́n wo ojú rẹ̀. "Ṣé àlàáfíà ni?" ni wọ́n bèèrè. Ó ní àlàáfíà ni. Wọ́n mi orí, wọn kò bi í ní nǹkan mìíràn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń retí kí wọ́n ti àkáǹtì náà mọ́ òun. Ó ti gbà á fún Ọlọ́run. Ó tilẹ̀ rò ó pé ohun tó tọ́ sí òun ni, pé òun á gba ìyà náà, òun á sì mọ̀ pé Husnah ṣì ń bínú sí òun. Ẹni tó bá ń bínú síni kò tíì gbàgbé ẹni. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí iná wá, ó tan láptọ́ọ̀pù, ó tẹ sọ́fítíwíà náà, ó sì di ojú.

Ó ṣí. Kò bi í ní páswọ́ọ̀dù. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀: pósítà, káàdì, iṣẹ́ àṣekágbá, kò sí ohun tó dín. Ti Husnah ni kò sí. Ìpolówó ọṣẹ ti lọ. Káàdì ìgbéyàwó ti lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ Wúràọlá ni ó ti rọra yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ojú ibẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Níbi tí wọ́n máa ń kọ kọ̀ǹpútà méjèèjì sí, ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ti Wúràọlá. Husnah ti yọ tirẹ̀ kúrò nínú àkáǹtì tó jẹ́ pé orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣí i.

Wúràọlá jókòó síwájú rẹ̀ pẹ́. Ó ti di tirẹ̀ nìkan, gbogbo rẹ̀, ní iye tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san. Ó wù ú kí Husnah ti tì í síta. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá tì mọ́ èèyàn, èèyàn lè jókòó síwájú rẹ̀ kó máa bẹ̀bẹ̀, kó máa kàn án títí ẹni tó wà nínú ilé á fi gbọ́. Èyí ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì sí ẹni tí èèyàn á kàn án sí.